Wéètì Kílọ́ọ̀ṣì Snowmobile: Bó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Bó Ṣe Ń Jẹ (Ìbéèrè àti Ìdáhùn)

Bí snowmobile, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín, bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára, ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n á pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á tú kabúrétọ̀, wọ́n á da epo mìíràn sí i, síbẹ̀ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á wà. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé àwọn irin kéékèèké mẹ́ta tó wà nínú kílọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń pè ní wéètì, ló ti jẹ, ìyẹn ni pé ìfarakanra ti ha wọ́n kù. Àwọn irin mẹ́ta yẹn là ń sọ níbí.

Kí ni wéètì yìí gan-an, ibo ló sì wà?

Snowmobile kò ní gíà téèyàn ń fọwọ́ yí bí ó ṣe ń lọ. Kílọ́ọ̀ṣì méjì àti bẹ́líìtì kan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kílọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ wà lórí kíráǹkì, ìyẹn ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Èkejì wà lórí ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ síbi rọ́bà gbọọrọ tó ń yí nísàlẹ̀ ọkọ̀. Bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀.

Kílọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní àwo irin méjì tó kọjú síra wọn, bẹ́líìtì sì wà láàárín wọn. Àwo kan kì í kúrò lójú kan, èkejì ń sún síwá sẹ́yìn. Ẹ̀yìn àwo tó ń sún yìí ni wéètì wà. Apá irin kékeré ni, mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́, píìnì sì gba ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá kó lè ráyè ṣí síta kó sì padà. Ní ọ̀kánkán wọn ni irin kan wà tí wọ́n ń pè ní spider. Ó ní apá mẹ́ta, rólà kan sì wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn wéètì ló ń fara ti rólà yìí. Sípíríǹgì ńlá kan wà nínú gbogbo rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ya àwo méjèèjì nípá.

Irin tí kò wúwo tó ẹyin ṣe lè máa ti àwo ńlá?

Ìyípo ló fún un lágbára. Ẹ rántí kànnàkànnà: bí ẹ bá ṣe ń fì í yára tó ni òkúta inú rẹ̀ ń fa ọwọ́ yín tó. Ohun tó tún yẹ ká mọ̀ ni pé agbára yẹn máa ń fò sókè ju ìyípo fúnra rẹ̀ lọ. Tí ìyípo bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní wéètì kan jẹ́ 50 gíráàmù, tí àárín ìwúwo rẹ̀ sì fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà sí àárín kíráǹkì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan (ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní 4,000 RPM), wéètì yìí ń fà síta bí ẹni pé ẹrù kílò 45 so mọ́ ọn. Ní 8,000 RPM, ó ti di nǹkan bí kílò 179. Wéètì kan ṣoṣo nìyẹn o, mẹ́ta ni wọ́n.

Wéètì fẹ́ ṣí síta, rólà sì dí i lọ́nà. Ẹ̀yìn wéètì tó tẹ̀ á wá máa yọ́ gba orí rólà, á sì máa ti àwo tó ń sún lọ bá ìkejì rẹ̀. Bí àwo méjèèjì bá ti fún bẹ́líìtì mọ́ra, bẹ́líìtì á mú, ọkọ̀ á gbéra. Bí wọ́n bá túbọ̀ ń sún mọ́ra, bẹ́líìtì á máa gun etí àwo lọ sókè, nígbà tó sì ń rì wọnú kílọ́ọ̀ṣì kejì. Bí ọkọ̀ ṣe ń bọ́ sí gíà ńlá nìyẹn láìjẹ́ pé ẹni tó gùn ún fọwọ́ kan nǹkankan.

Ṣé inú snowmobile nìkan ni irú èyí wà?

Rárá. Ó wà nínú alùpùpù skútà àti nínú ọkọ̀ onítáyà mẹ́rin tí wọ́n fi ń wọ igbó. Kódà ilé iṣẹ́ DAF ní Netherlands fi irú rẹ̀ sínú mọ́tò kékeré kan, DAF 600, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé lọ́dún 1958. Ti skútà yàtọ̀ díẹ̀ ṣá: wéètì ibẹ̀ jẹ́ rólà fúnra rẹ̀, ńṣe ló ń yí gba orí irin tó dagun.

Sípíríǹgì ńkọ́? Kí ni tiẹ̀, kí sì ni ti wéètì?

Sípíríǹgì ló ń sọ ìgbà tí ọkọ̀ yóò gbéra. Títí agbára wéètì yóò fi borí tirẹ̀, àwo ò ní sún, bẹ́líìtì ò sì ní mú. Ọ̀pọ̀ snowmobile oní-two-stroke (irú ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo ní gbogbo ìgbà tí kíráǹkì bá yí lẹ́ẹ̀kan) máa ń gbéra láàárín 3,500 sí 4,500 RPM. Sípíríǹgì tó le yóò mú kí ọkọ̀ pẹ́ kó tó gbéra, yóò sì mú kó fò tìrìgbọ̀n bó bá gbéra.

Ti wéètì ni iye RPM tí ẹ́ńjìnnì yóò dúró sí nígbà tí ẹ bá tẹ iná dé ìdí. Lóòótọ́ wọ́n ń da ara wọn láàmú: sípíríǹgì ní ipa tirẹ̀ lókè, wéètì náà sì ní tirẹ̀ níbi ìgbéra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tún RPM òkè ṣe, wéètì ni kó kọ́kọ́ wò. Mo ti rí àwọn tó ń ra sípíríǹgì lórí sípíríǹgì nítorí pé ó rọrùn láti pààrọ̀. Owó ni wọ́n ń sọ nù.

Èwo ló dára jù, wéètì tó wúwo tàbí èyí tó fúyẹ́?

Kò sí èyí tó dára jù lásán. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ní RPM kan tí agbára rẹ̀ ti ga jù, ó sì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Iṣẹ́ wéètì ni láti mú ẹ́ńjìnnì dúró síbẹ̀ gan-an nígbà tí ẹ bá fún un níná tán, yálà ilẹ̀ tẹ́jú tàbí òkè lẹ ń gùn.

Bí wéètì bá wúwo jù, á ti kó bẹ́líìtì lọ sókè kí ẹ́ńjìnnì tó dé ibi agbára rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa rù, á máa kùn, RPM ò sì ní lè dé ibi tó yẹ. Bó bá fúyẹ́ jù, ariwo á pọ̀, RPM á kọjá ibi agbára, ọkọ̀ ò sì ní sáré tó bí ariwo ṣe pọ̀ tó. Ìyẹn nìkan kọ́. Wéètì tó fúyẹ́ jù kì í fún bẹ́líìtì dáadáa, bẹ́líìtì á máa yọ̀ láàárín àwo, á gbóná, á sì jó.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń fojú bù ú pé gíráàmù kan lórí wéètì kọ̀ọ̀kan ń yí RPM padà ní nǹkan bí 100. Ìfojúbù ni o. Ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí gíráàmù náà wà lára wéètì ṣe pàtàkì.

Kí ló dé tí ọkọ̀ mi ń ṣe dáadáa ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, tó sì di ọ̀lẹ lórí òkè?

Afẹ́fẹ́ ló fúyẹ́ lókè. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní túbò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì) ń pàdánù nǹkan bí 3 nínú 100 agbára rẹ̀ fún gbogbo 300 mítà tó bá gùn. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ láti ilẹ̀ títẹ́jú Minnesota lọ sí àwọn òkè Colorado ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gùn ún ní 3,000 mítà, ti fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lọ́nà. Wéètì kò mọ̀ pé agbára ti dín kù. Ìwúwo rẹ̀ ò yí padà, nítorí náà á ti wúwo jù fún ẹ́ńjìnnì tó kù. Wéètì tó fúyẹ́ ni wọ́n ń fi sí i lórí òkè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní àtẹ kan nínú ìwé rẹ̀, tàbí lábẹ́ ìbòrí ẹ́ńjìnnì, tó sọ wéètì tó yẹ fún gíga kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á kí ẹ tó náwó.

Wéètì èmi àti ti ọ̀rẹ́ mi jẹ́ iye gíráàmù kan náà. Kí ló dé tí tirẹ̀ ń gbéra yàtọ̀?

Ìrísí rẹ̀ ni. Ibi tí ẹ̀yìn wéètì ti tẹ̀ àti bó ṣe tẹ̀ tó ló ń sọ bí agbára yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ àwo. Èyí tó tẹ̀ ṣàrà níbẹ̀rẹ̀ máa ń tètè ti àwo. Èyí tí wọ́n gé kòtò kékeré sí níbi tí rólà ti ń sinmi máa ń dá rólà dúró títí RPM yóò fi ga, lẹ́yìn náà ni yóò tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń sáré ìdíje máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gé kòtò yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé tí wéètì bá jẹ níbi kan náà, ohun kan náà ló ń ṣe, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é.

Ibi tí ìwúwo bá pọ̀ sí náà ṣe pàtàkì. Gíráàmù tó wà ní orí wéètì, lọ́dọ̀ọ́ etí tó jìnnà sí píìnì, ipa rẹ̀ hàn jù nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń sáré gan-an. Èyí tó wà nítòsí ìdí, ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn ni ipa rẹ̀ ti hàn jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn wéètì kan fi ní ihò tí èèyàn lè fi irin kéékèèké dí tàbí kó yọ ọ́ kúrò.

Kí ló ń jẹ gan-an?

Kì í ṣe wéètì nìkan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ohun mẹ́rin ló ń jẹ pa pọ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ jẹ á sì máa ba èyí tó kù jẹ́.

Àkọ́kọ́ ni ojú wéètì, ibi tí rólà ń gbà. Irin méjì ló ń ha ara wọn, eruku dúdú bẹ́líìtì sì wà láàárín wọn. Ibi tó máa ń kọ́kọ́ jẹ ni ibi tí rólà ń jókòó sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìrìn. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, rólà ń lu ibì kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ kòtò á bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n máa ń tàn sílẹ̀ kó lè gbóná fún ìgbà pípẹ́ máa ń ní kòtò yìí ju ti ẹni tó ń sáré lọ.

Èkejì ni bọ́ọ̀ṣì ìdí wéètì (òrùka tó wà nínú ihò tí píìnì gbà kọjá) àti píìnì rẹ̀. Bí ihò bá fẹ̀, wéètì á máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, rólà ò ní gba àárín ojú rẹ̀ mọ́, etí kan á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ju èkejì. Ẹ óò rí ipa dídán tó ti yà sápá kan. Bí ẹ bá rí i, ẹ má tíì ra wéètì. Bọ́ọ̀ṣì lẹ máa kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀kẹta ni rólà. Rólà tí bọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ti há kì í yí mọ́, wéètì á wá máa wọ́ lórí rẹ̀, títí ibì kan yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ lára rẹ̀. Rólà tó ti tẹ́ níbì kan á jẹ ojú wéètì tuntun kíákíá. Tèmi ni pé ẹni tó ń ra wéètì tuntun láìfọwọ́ kan rólà kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn bọ́tìnnì kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ spider, tí ń jẹ́ kí àwo máa sún láìmì. Tí wọ́n bá jẹ, àwo á ní àyè láti máa yí síwá sẹ́yìn díẹ̀, ariwo kẹ́kẹ́kẹ́ á máa dún nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Kílọ́ọ̀ṣì pDrive tí Ski-Doo, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe snowmobile, mú jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 850 rẹ̀ fún ọdún 2017 fi rólà rọ́pò irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀, torí fífà-wọ́ yìí náà ni.

Kí ni màá rí tàbí gbọ́ nígbà tí mo bá ń gùn ún?

Ọkọ̀ á máa fò tìrìgbọ̀n bó bá fẹ́ gbéra, nígbà tó jẹ́ pé wẹ́rẹ́ ló máa ń lọ tẹ́lẹ̀. RPM tí yóò gbéra á ti ròkè. Tí ẹ bá tẹ iná tán, abẹ́rẹ́ RPM á máa lọ sókè sódò dípò kó dúró síbì kan, nítorí rólà ń wọ kòtò, ó sì ń jáde. Tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, àbí ká sọ pé ẹ tú àtàǹpàkò tí ẹ fi ń tẹ iná sílẹ̀, tí ẹ sì tún tẹ ẹ́ padà, ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ kú fin kó tó jí, torí pé wéètì há, kò tètè padà sínú.

Ìgbọ̀nrìrì ni kẹ́ ẹ má fojú kéré jù. Tí ọ̀kan nínú mẹ́ta bá jẹ ju àwọn tó kù, kílọ́ọ̀ṣì ò dọ́gba mọ́, orí kíráǹkì ló sì so mọ́. Béárìn kíráǹkì ló ń san gbèsè yẹn.

Ṣé mo lè yẹ̀ ẹ́ wò láìtú u?

Ẹ lè rí púpọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ wá yọ bẹ́líìtì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sáàárín spider. Ẹ di orí wéètì mú kẹ́ ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì: tó bá ń mì jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀, bọ́ọ̀ṣì ti lọ. Ẹ fi ìka yí rólà kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ yí geere láìta kókó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé wéètì sókè kúrò lára rólà, kẹ́ ẹ fi èékánná fa ojú rẹ̀ láti ìdí dé orí. Èékánná kì í purọ́. Kòtò tí ojú ò rí, èékánná á há sínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò náni ní nǹkan. Ẹ fi pẹ́ẹ̀nì máákà fa ìlà tààrà lójú àwo, láti àárín dé etí, kẹ́ ẹ dá bẹ́líìtì padà, kẹ́ ẹ dá ìbòrí padà, kẹ́ ẹ sì lọ tẹ iná tán níbi tó gbòòrò. Nígbà tẹ́ ẹ bá padà, ibi tí bẹ́líìtì dé ló ti nu ìlà náà. Tí ìlà bá ṣì kù gbọọrọ lókè, bẹ́líìtì ò gun òkè tán nìyẹn.

Mo rí kòtò kékeré. Ṣé mi ò lè fi fáìlì yọ ọ́?

Ẹ má ṣe é. Ìrísí yẹn ni iṣẹ́ wéètì. Ẹ ò lè fi ọwọ́ yọ ìwọ̀n kan náà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwúwo wọn náà á sì yàtọ̀. Awọ líle tó wà lójú irin náà tún lè lọ, kó wá máa jẹ ju ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀kan ṣoṣo ló bàjẹ́. Ṣé kí n ra ọ̀kan?

Mẹ́ta lẹ máa rà, pẹ̀lú píìnì àti bọ́ọ̀ṣì wọn. Kẹ́ ẹ tó fi wọ́n sí i, ẹ wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n tó lè ka ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù. Tuntun náà lè yàtọ̀ díẹ̀ síra.

Ó ń há. Ṣé kí n fi gíríìsì sí i?

Rárá o. Gbígbẹ ni wọ́n ṣe é pé kó máa ṣiṣẹ́. Gíríìsì á kó eruku bẹ́líìtì jọ di ẹrẹ̀ dúdú, ìyípo á sì tú u dà sójú àwo, bẹ́líìtì á wá máa yọ̀. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ fi fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì fi ohun tí ń fọ bíréèkì tí kì í fi òróró sílẹ̀ nù ún. Ẹ bo imú yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ẹ.

Ti Ski-Doo mi kò rí bí ẹ ṣe ṣàlàyé yìí.

Òótọ́ ni. Nínú kílọ́ọ̀ṣì TRA tí Ski-Doo lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, rólà wà ní orí apá irin tó ń ṣí, ojú tó tẹ̀ ló sì dúró lójú kan. Píìnì kékeré tí wọ́n ń tì bọ inú apá yẹn ló ń fún un ní ìwúwo. Ó tún ní ohun tí èèyàn lè yí níta, láti 1 dé 6, tí ń yí ìdúró ojú tó tẹ̀ náà padà. Ipele kan sábà máa ń yí RPM padà ní nǹkan bí 200. Ìrọ̀rùn ńlá ni fún ẹni tó ń ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ sókè. Ṣùgbọ́n rólà ni rólà, bọ́ọ̀ṣì ni bọ́ọ̀ṣì: bí wọ́n ṣe ń jẹ nínú àwọn kílọ́ọ̀ṣì yòókù náà ni wọ́n ṣe ń jẹ níbẹ̀.

Ṣé mo lè tú u fúnra mi?

Ẹ lè pààrọ̀ wéètì nínú ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀ṣì láìyọ ọ́ kúrò lórí kíráǹkì. Tó bá di pé kẹ́ ẹ ṣí ìbòrí kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, ẹ rántí pé sípíríǹgì tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa tú àwọn bóòtù díẹ̀díẹ̀ yípo, ẹ má tú ọ̀kan tán kẹ́ ẹ tó kan èkejì, kẹ́ ẹ sì di ìbòrí náà mú. Kẹ́ ẹ tó yà wọ́n, ẹ wá àmì tí wọ́n fi sára wọn. Nínú kílọ́ọ̀ṣì P-85 ti ilé iṣẹ́ Polaris, X ni, ó wà lára ìbòrí, spider àti àwo tó ń sún. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ tún tò léra bí wọ́n ṣe wà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú kílọ́ọ̀ṣì náà dọ́gba ní ilé iṣẹ́.

Yíyọ gbogbo kílọ́ọ̀ṣì kúrò ń fẹ́ irin ìfàyọ tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Èyí tí kò bá a mu lè ba ojú kíráǹkì jẹ́. Yíyọ spider pàápàá ń fẹ́ irinṣẹ́ àti agbára tí kì í sí nílé, ẹ gbé e fún mẹ́kánííkì.

Ohun kan tí mi ò ní rọra sọ: ẹ má tẹ iná fún ẹ́ńjìnnì nígbà tí ìbòrí ìta bá ṣí sílẹ̀ tàbí tí bẹ́líìtì ò sí níbẹ̀. Tí wéètì bá já ní 8,000 RPM, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ fún un.

Mo ti pààrọ̀ wéètì, rólà àti bọ́ọ̀ṣì, RPM ṣì ń ṣe ségesège.

Ẹ wo bẹ́líìtì: ìbú rẹ̀ ńkọ́? Bẹ́líìtì tó ti tín-ín-rín ń jókòó sísàlẹ̀ jù láàárín àwo, ó sì ń da gbogbo ìṣirò rú. Ẹ wo sípíríǹgì, torí pé ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ fi gígùn rẹ̀ wé ti tuntun. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ sí kílọ́ọ̀ṣì kejì. Òun náà ní rólà tàbí bọ́tìnnì tirẹ̀ àti sípíríǹgì tirẹ̀, òun ló sì ń pinnu bí ọkọ̀ yóò ṣe padà sí gíà kékeré nígbà tí ẹrù bá wúwo. Tí gbogbo ìyẹn bá dára, tí bẹ́líìtì tò tààrà láàárín méjèèjì, ìgbà yẹn lẹ tó lè padà sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì.